Ọ̀sẹ̀ Mẹ́sàn-án Tí Bàbá Kọ́kọ́ Bá Mi Rìn Wò

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni a fi dúró kí a tó rí Bàbá mi àgbà sin. Bí ẹ̀sìn wa tilẹ̀ fẹ́ kí òkú wọlẹ̀ lọ́jọ́ tó kú, ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀n níbí, ìwé ni yóò kọ́kọ́ rìn: yóò ti ọwọ́ dókítà bọ́ sọ́wọ́ akọ̀wé, òpin ọ̀sẹ̀ yóò sì dé bá a lójú ọ̀nà. Mọ́mì mi, ọmọ kan ṣoṣo tí Bàbá bí, sunkún títí ojú wọn wú. Àmọ́ nígbà tó di ọjọ́ kẹta, wọ́n ṣàdédé rẹ́rìn-ín.

"Rọ́fíátù," wọ́n ní, "ṣé o mọ̀ pé èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí Bàbá máa pẹ́ dé ibì kankan?"

Èmi náà bú sẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Bàbá fi wa bọ́ọ̀sì ní gúúsù Lọ́ńdọ̀n, kò sì sẹ́ni tó fẹ̀sùn kàn wọ́n rí pé wọ́n pẹ́. Wọ́n kúrú, wọ́n mọ́ tónítóní, wọ́n máa ń ki bíró méjì bọ àpò àyà, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wí, bíró kan máa ń dalẹ̀. Nígbàkígbà tí àwọn ọ̀gá iṣẹ́ bá fẹ́ gbé ọ̀nà tuntun fún wọn láti máa wa ọkọ̀ gbà, Bàbá yóò lo ọjọ́ ìsinmi wọn láti wọ bọ́ọ̀sì ọ̀nà náà bí èrò lásán, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lẹ́ẹ̀mẹta: ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán, ní ìrọ̀lẹ́. Mọ́mì ní nígbà tí àwọn ọmọ yòókù ń lọ ṣeré létí òkun, òkè bọ́ọ̀sì ni àwọn máa ń jókòó sí pẹ̀lú bàbá wọn, tí àwọn ń bá wọn ka iye ìṣẹ́jú láti ìyànà kan dé èkejì. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ bi Bàbá pé kí ló dé tí wọ́n ń yọ ara wọn lẹ́nu, ṣebí ìwé àkókò ọkọ̀ ti wà nílẹ̀. Bàbá ní ìwé náà kò tíì wọ bọ́ọ̀sì rí.

"Ọ̀nà téèyàn ò bá tíì rìn," ni wọ́n máa ń sọ, "kì í júwe bó ṣe jìn tó fún ẹlòmíì."

Ọ̀pọ̀ èèyàn ṣi Bàbá gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n rò pé ohun gbogbo ni Bàbá fẹ́ kí a tètè ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Lẹ́yìn tí Màmá àgbà ti kú, Bàbá kó wá sí ilé wa lẹ́yìn Rye Lane, iṣẹ́ móínmóín ọjọ́ Sátidé sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Mọ́mì ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó, ṣíífù wọn kì í dúró sójú kan, wọn kì í sì í fẹ́ kí iṣẹ́ kankan bá wọn lójijì. Ní ọ̀sẹ̀ kan, alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ti rẹ ẹ̀wà Sátidé sómi. Nígbà tí Bàbá ṣí i láàárọ̀ Sátidé, gbogbo ilé ìdáná ló rùn.

"Bàbá, mo ní kí n tètè yára ni," ni Mọ́mì wí.

"Ìyára kọ́ nìyẹn, Mùjídátù. Ìbẹ̀rù ni." Bàbá da ẹ̀wà náà nù, wọ́n ṣan ọwọ́, wọ́n sì ní ká lọ ra búrẹ́dì. "Ẹ̀wà tó pẹ́ jù lómi àti èyí tí kò pẹ́ tó, ọmọ ìyá ni wọ́n. Kò séyìí tó ṣeé jẹ nínú méjèèjì."

Èmi ni wọ́n wá fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe iṣẹ́ fún.

Láti kékeré ni mo ti fẹ́ ṣe dókítà. Ní orílẹ̀-èdè yìí, yàtọ̀ sí ìdánwò àṣejáde ilé ẹ̀kọ́, ìdánwò ìwọlé kan wà tí àwọn tó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní yunifásítì ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀ẹ̀kan péré lèèyàn lè ṣe é lọ́dún. Kì í ṣe ohun tí o há sórí ni wọ́n ń bi ọ́. Bí o ṣe ń yára kà, tí o ń yára ṣírò, tí o sì ń yára mọ òótọ́ yàtọ̀ sí irọ́ ni wọ́n ń wò. Gbogbo ẹgbẹ́ mi ló ń sọ pé kò sí bí èèyàn ṣe ń kàwé fún un. Nítorí náà, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì ni mo tó bẹ̀rẹ̀. Máàkì mi kéré. Mo fi orúkọ sí yunifásítì mẹ́rin, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì dá mi lóhùn pé rárá.

Oṣù Kejì ni èsì ìkẹrin dé. Orí fóònù ni mo ti kà á, nínú bọ́ọ̀sì ní Rye Lane. Mo sọ̀ kalẹ̀, mi ò sì lọ sílé. Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ja kan ni mo dúró sí bí ẹni tó fẹ́ ra ẹja. Ibẹ̀ ni Bàbá ti bá mi, iṣu kan lábẹ́ apá wọn. Wọ́n wo ojú mi. Wọ́n mú mi lọ́wọ́, ó di ibùdókọ̀. A wọ bọ́ọ̀sì, a lọ dé òpin ọ̀nà, a tún wọ òmíràn padà, iṣu náà wà láàárín wa bí ọmọ. Ìgbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ délé ni wọ́n bi mí léèrè.

"Ìgbà wo lo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé fún un?"

"Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì, Bàbá."

"Ṣé ohun tí wọ́n bi ọ́ ṣókùnkùn sí ọ ni?"

"Rárá o. Mo mọ̀ ọ́n. Time ló tán mọ́ mi lọ́wọ́."

Bàbá mí kanlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀. "Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, o kì í ṣòpè, Àṣàkẹ́. Ọkọ̀ ló fi ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ọkọ̀ bá fi sílẹ̀ kì í jókòó sunkún sí ibùdókọ̀. Ìgbà tí òmíì ń bọ̀ ló máa ń béèrè."

Òmíràn ń bọ̀ lóòótọ́, ìparí oṣù Kẹjọ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni kí n bẹ̀rẹ̀? Ọ̀rọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ilé wa. Mọ́mì ní òní ni. Wọ́n ti wá olùkọ́ kan tí yóò máa kọ́ mi ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì ti to ìwé sórí tábìlì oúnjẹ títí a kò fi rí ibi gbé abọ́ sí. Èmi ní mo ṣì ní ìdánwò àṣejáde níwájú. Mo ní ó di oṣù Kẹjọ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Kí n sọ òótọ́, ẹ̀rù ló ń bà mí. Bí mo bá rí ẹ̀yìn ìwé wọ̀nyẹn lásán, n ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

"Ọmọ yìí fẹ́ tún un ṣe bó ṣe ṣe é lọ́jọ́sí!" ni Mọ́mì kígbe.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, I can't do both! Mi ò lè ṣe méjèèjì pọ̀!"

"Bàbá, ẹ dá sí i o! Ẹ sọ fún un. Ìgbà wo ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀?"

Bàbá ń jẹun. Wọ́n gbé òkèlè mì, wọ́n fọwọ́ nu ẹnu. "Mi ò mọ̀," ni wọ́n wí.

Ẹnu ya àwa méjèèjì. A kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu Bàbá rí.

"Mi ò mọ̀," ni wọ́n tún wí. "Ìwọ náà ò mọ̀, Mùjídátù. Ọmọ náà ò mọ̀. Ẹni mẹ́ta tí kò mọ̀nà ló ń jà lórí bó ṣe jìn tó. Ẹ fún mi láyè kí n lọ wò ó."

Láti ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e ni Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀. Kí ó tó di ọ̀sán, wọn yóò ti padà, ojú wọn yóò pọ́n, wọn yóò sì na gbalaja sórí àga. Bí a bá bi wọ́n léèrè, wọn a ní àwọn lọ na ẹsẹ̀ ni. Ó di ọ̀sẹ̀ kan, ó di ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Wọn kò lọ bá ẹlẹ́ja Rye Lane ṣàríyànjiyàn lórí owó ẹja mọ́ bí ìṣe wọn. Orí ń fọ́ wọn. Ọkàn Mọ́mì kò balẹ̀. Wọ́n gbà pé àìsàn kan ló ń ṣe Bàbá, pé ilé ìwòsàn ni wọ́n ń lọ tí wọn kò fẹ́ ká mọ̀. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ gba ìsinmi Ọdún Àjíǹde, Mọ́mì ní kí n tẹ̀ lé wọn.

Mo tẹ̀ lé wọn. Bàbá kò wo ọ̀tún, wọn kò wo òsì. Láíbìrì ni wọ́n wọ̀. Nígbà tí mo gun òkè, mo bá wọn níwájú kọ̀ǹpútà kan, gíláàsì méjì lójú wọn, ọ̀kan lórí èkejì, aago ọwọ́ wọn wà lórí tábìlì. Mo sún mọ́ ẹ̀yìn wọn. Ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà náà ni ìdánwò mi. Ìdánrawò rẹ̀ ni Bàbá ń ṣe.

Wọ́n gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi, wọ́n na ìka kan sókè láìbojúwẹ̀yìn. "Ẹni yòówù kó jẹ́, dúró ná. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin."

Mo dúró. Nígbà tí àkókò pé, wọ́n ṣí ìwé kékeré kan, wọ́n kọ nǹkan sí i, wọ́n tó yíjú sí mi.

"Bàbá, kí lẹ ń ṣe?"

"Mò ń rin ọ̀nà náà wò fún ọ ni."

Wọ́n gbé ìwé náà lé mi lọ́wọ́. Máàkì ojoojúmọ́ ló wà nínú rẹ̀, àti bó ṣe ń ṣe wọ́n lára. Lábẹ́ ọ̀sẹ̀ kìíní wọ́n kọ ọ́ pé: "Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bu ata sí mi lójú. Òpè pátápátá ni mí." Lábẹ́ ìkẹta: "Mo ti ń mọ àrékérekè wọn." Lábẹ́ ìkarùn-ún: "Orí fífọ́. Mo ń padà sẹ́yìn. Mo sinmi Jímọ̀ àti Sátidé." Lábẹ́ ìkẹfà: "Ìsinmi yẹn ṣiṣẹ́!" Ọ̀sẹ̀ kẹjọ ni wọ́n wà lọ́jọ́ tí mo ká wọn mọ́.

A jáde, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, oòrùn díẹ̀ ń ràn. Ibẹ̀ ni Bàbá ti sọ ohun tí wọn kò sọ fún Mọ́mì pàápàá rí. Ohun tí gbogbo ilé mọ̀ ni pé Bàbá kò fẹ́ràn yunifásítì, pé ọkọ̀ ló wù wọ́n láti wà. Irọ́ ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ṣe ìdánwò ìwọlé nígbà tí wọ́n wà ní Ìwó. Ní ìgbà kìíní, iṣẹ́ oko kòkó bàbá wọn gbà wọ́n lákòókò, ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n fi kàwé, wọ́n sì fìdí rẹmi. Ní ìgbà kejì, wọ́n búra pé irú rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Odindi ọdún kan ni wọ́n fi kàwé láìsinmi lọ́jọ́ kan. Nígbà tí wọ́n ṣí ìwé ìbéèrè láàárọ̀ ìdánwò, gbogbo lẹ́tà inú rẹ̀ ń rìn bí èèrà.

"Mo sùn lọ, Àṣàkẹ́. Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, mo gbórí lé tábìlì, mo sùn lọ." Bàbá wo ọwọ́ wọn. "Ìgbà kìíní, mo pẹ́. Ìgbà kejì, mo yá jù. Kò sẹ́ni tó bá mi rìn ín wò."

Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, Bàbá wọlé, wọ́n pè wá sí pálọ̀, wọ́n sì ṣí ìwé kékeré náà síwájú Mọ́mì. Èmi ni mo kọ́kọ́ mọ ohun tí máàkì ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án yẹn túmọ̀ sí. Ó fi díẹ̀ ju ohun tí ọ̀kan nínú yunifásítì mẹ́rin tó kọ̀ mí ń béèrè lọ. Mo sọ ọ́ fún wọn. Bàbá dìde dúró, wọ́n fa ẹ̀wù wọn tọ́, wọ́n gbọ́wọ́ lé àyà.

"Mo yege," ni wọ́n wí. Lẹ́yìn náà, wọ́n pariwo rẹ̀ títí tí ará ilé kejì fi kan ògiri: "Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, mo yege!"

Mọ́mì kúnlẹ̀ sílẹ̀ láàárín pálọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún, wọ́n ní "Bàbá mi, ẹ kú oríire o." Mi ò rí ọmọ tó kí bàbá rẹ̀ kú oríire ìdánwò rí.

Bàbá kò sì dáwọ́ dúró níbẹ̀. Wọ́n ṣe é dé ọ̀sẹ̀ kejìlá. Máàkì wọn kò gòkè mọ́. Nígbà tó yá, ó ń lọ sílẹ̀. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n tún ń dá ara wọn lóró nígbà tí wọ́n ti rí ohun tí wọ́n ń wá.

"Bí mi ò bá kọjá ibi tó yẹ kí o ti sọ̀, báwo ni màá ṣe mọ̀ pé ibẹ̀ ni?"

Báyìí ni ìdájọ́ ṣe wáyé. Bàbá ka ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án sẹ́yìn láti ọjọ́ ìdánwò, ó bọ́ sí Mọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù Keje. Ìdánwò àṣejáde yóò ti parí kí ó tó dìgbà náà, n ó sì ti sinmi fún ọjọ́ mẹ́wàá. Mọ́mì dá olùkọ́ ìrọ̀lẹ́ dúró, wọ́n kó ìwé kúrò lórí tábìlì. Bàbá ní ẹni tó bá ṣí ọ̀kan nínú wọn ṣáájú Mọ́ńdè yẹn, ẹni náà ló máa kó kúrò nílé. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù Kejì, mo sun oorun àsùnwọra.

Mo bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ata lójú. Ọ̀sẹ̀ kẹta, àrékérekè. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, máàkì mi já wálẹ̀ bí èso tó rà. Mo mọ̀ pé Bàbá ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí, síbẹ̀ ọkàn mi fò. Mo ní n ó fi wákàtí mẹ́ta kún ti ojoojúmọ́. Láàárọ̀ Jímọ̀, mo dé ìdí kọ̀ǹpútà mi, mi ò rí ṣájà rẹ̀. Bàbá ti fi í sínú àpò agbádá, wọ́n ti gbé e lọ sí mọ́ṣáláṣí.

Mo sáré bá wọn dé ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Old Kent Road, níwájú gbogbo àwọn Alhaji. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní charger mi!"

"Ẹ fún ọmọ o," ni Alhaji kan wí. "Ìwé ló fẹ́ kà. Ṣé ó burú ni?"

"Ó burú lónìí," ni Bàbá dá a lóhùn. Wọ́n yíjú sí mi, ohùn wọn rọlẹ̀. "Wọlé lọ sọ́dọ̀ àwọn obìnrin, kí o kírun, kí o lọ sílé lọ sùn. Ìsinmi wà lára iṣẹ́ náà. Mo ti fi orí fífọ́ tèmi san tìẹ."

Ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè ni wọ́n tó dá a padà. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, máàkì mi gòkè kọjá ibi tó dé rí.

Bàbá ló mú mi lọ síbi ìdánwò. Wọ́n jókòó síta lórí ògiri kúkúrú kan, agboòrùn lọ́wọ́. Mo wọlé. Nígbà tó tó ìṣẹ́jú márùn-ún, mo ṣàkíyèsí pé ẹ̀rù kò bà mí. Ìbéèrè ń wá, mò ń lọ pàdé wọn. Ní apá kejì, àkókò tiẹ̀ kù sí mi lọ́wọ́, mo sì padà sẹ́yìn lọ tún èyí tí mo ṣì ṣe. Kì í pẹ́ tí èsì fi ń jáde. Bí mo ṣe parí ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún mi.

Mo gbé e fún Bàbá. Wọ́n fi gíláàsì kan lé èkejì, wọ́n kà á. Wọ́n tún un kà. Wọ́n bi mí pé ṣé ó dá mi lójú pé tèmi ni. Nígbà tí mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ká agboòrùn, wọ́n fi í lé mi lọ́wọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Láàárín títì, lójú àwọn òyìnbó tó ń kọjá, Bàbá mi ń jó, wọ́n ń tẹ̀ síwájú, wọ́n ń yí, wọ́n ń fi oríkì mi kọrin. Mo bá wọn jó. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan tó ń kọjá fọn fèrè sí wa, Bàbá sì gbọ́wọ́ sókè kí i bí ọba.

"Àṣàkẹ́ ti wọkọ̀!" ni wọ́n ń sọ fún un. "Ọmọ mi ti wọkọ̀!"

Mẹ́ta nínú yunifásítì mẹ́rin ló gbà mí lọ́dún yẹn. Èyí tó kọ́kọ́ kọ̀ mí wà nínú wọn. Ibẹ̀ ni mo lọ.

Ìparí ọdún kejì mi níbẹ̀ ni àìsàn ọkàn dá Bàbá dùbúlẹ̀. Mọ́mì pè mí, mo wọ rélùwéè wá sí Lọ́ńdọ̀n, mo lọ tààrà sí ilé ìwòsàn. Bàbá ti rù, ṣùgbọ́n ojú wọn ń ríran dáadáa. Wọ́n sọ fún nọ́ọ̀sì pé dókítà àwọn ti dé. Mo di ọwọ́ wọn mú. Mo ti pinnu pé mi ò ní padà mọ́ títí ara wọn yóò fi yá, bí mo bá tilẹ̀ máa tún ọdún náà ṣe.

"Ìdánwò rẹ ku ọjọ́ mélòó?" ni wọ́n bi mí.

"Ọjọ́ mẹ́rìnlá, Bàbá."

Wọ́n fa ọwọ́ wọn kúrò nínú tèmi. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí Bàbá bá mi sọ láyé jáde, ìbínú àti ẹ̀rín wà nínú rẹ̀ pọ̀:

"Kí lo wá ń jókòó ṣe níbí?"

Mo fẹnu ko ọwọ́ wọn, mo dìde, mo padà sí yunifásítì. Ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn náà, Bàbá jáde láyé, mo sì padà wá sí Peckham. A sin wọ́n tán, mo sì padà sídìí ìwé mi pẹ̀lú ojú tó wú. Mo jókòó sí ìdánwò náà lọ́jọ́ rẹ̀ gan-an. Mo yege.